Ọkùnrin Tó Tu Ẹja Dànù

Ohun tí Ìyá Aránṣọ ń wá lọ sí ìrìn-àjò náà kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Kò wá aṣọ, kò wá bàtà, kò wá àwòrán tí yóò gbé kọ́ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ kan ni, ó sì fẹ́ kí ó ti ẹnu ọkọ òun jáde kí àwọn tó padà sílé: "Ó dùn."

Ẹni tí kò bá mọ ọkọ rẹ̀ lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ọkọ rẹ̀ ni atọ́wò àgbà ní ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì. Bí bísíkíìtì bá ti jáde nínú iná, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e wá bá kí wọ́n tó dì í. Yóò dúró síwájú garawa kan, yóò ju èyí tó tó èékánná sẹ́nu, yóò di ojú kan, yóò yí i lórí ahọ́n bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ẹ̀wà, yóò fi imú mí kanlẹ̀, yóò sì tu ú sínú garawa. Lẹ́yìn náà ni yóò fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yọ ẹnu. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ní, "Ó péye." Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò mi orí, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ padà. Gbígbé mì kò sí nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ń gbé bísíkíìtì mì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kò ní pẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tó kéré fún un. Ọ̀gá Ahọ́n ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, wọn kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bí ó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ síbi iṣẹ́ ni, ì bá má sí ìjà. Ṣùgbọ́n ó ń gbé e bọ̀ wálé. Kọ́ọ̀pù onírin kan wà tí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀. Òkèlè àkọ́kọ́ nínú gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé kalẹ̀, inú kọ́ọ̀pù yẹn ló ń parí sí. Yóò yí i, yóò mí, yóò tu ú, yóò yọ ẹnu. "Ó péye." Ìgbà náà ni yóò tó jẹ ìyókù, yóò sì jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń rọ epo sínú fìtílà, nítorí kò sí ohun tí oúnjẹ náà tún fẹ́ sọ fún un tí kò tíì gbọ́.

Ìyá Aránṣọ se ẹ̀wà, ó péye. Ó bí àkọ́bí, ó fi ara ríro dìde wọ ilé ìdáná, ó se ọbẹ̀ adìyẹ tí àwọn ará ilé kejì fi ń bèèrè ohun tó ń ta sánsán, ó péye. "Ẹ̀wù tí mo bá rán ló ń péye," ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ọbẹ̀ kì í ṣe apá ẹ̀wù. Ẹnìkan kì í fi tẹ́ẹ̀pù wọn ọbẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ bàjẹ́, tí wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sinmi títí wọn yóò fi tún un ṣe, Ìyá Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní àwọn ń lọ sí ìlú ńlá tó wà létí omi, níbi tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ títì ni gbogbo oúnjẹ aládùn wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò lọ, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ki nǹkan kan bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nínú báàgì.

"Bàbá wọn, kí nìyẹn?"

"Kọ́ọ̀pù ni. Tuntun ni. Ó ní ìdérí."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá wọn, oúnjẹ àjèjì la fẹ́ lọ jẹ. Èèyàn ò lè kàn máa gbé nǹkan mì bí odò."

"Ẹ gbé e wá."

Ó gbà á, ó fi í sínú àpò tirẹ̀, ó fa síìpù àpò náà títí dé òpin.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. A ó rìn, a ó jẹun bí ọmọ èèyàn. Bí a bá padà wọ ilé yìí tí ẹ ò tíì sọ pé oúnjẹ kan dùn, kódà kó jẹ́ ẹ̀pà, mo ti gbé ṣíbí kọ́ nìyẹn. Bísíkíìtì ni kí ẹ máa jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó kúkú péye."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà jẹ. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, bí kì í ti í fi aṣọ ṣòfò. Àjákù tí àwọn aránṣọ yòókù ń gbá dànù, àpò ló ń fi rán.

Yàrá tí wọ́n dé sí wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, òórùn ọṣẹ ìfárungbọ̀n ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí òórùn ẹyín-iná àti epo gbígbóná tó wá lé e jáde. Nísàlẹ̀ fèrèsé ni títì tóóró kan ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, ọ̀nà náà rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìlà tí ọmọṣẹ́ tuntun rán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni àwọn olóúnjẹ tò sí. Ìyá Aránṣọ dúró lójú fèrèsé títí itọ́ fi kún un lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní.

Bí Ọ̀gá Ahọ́n ṣe ń múra lọ síbi iṣẹ́ náà ló ṣe múra lọ síbi ìgbádùn. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ títí ó fi le, bírò nínú àpò àyà, bàtà dúdú tó ń dán. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ìsọ̀ kan dé èkejì, ó sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rí i lókèèrè yóò ṣètò ara rẹ̀.

"Ẹ yé mi orí," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Mò ń gbóòórùn ni."

"Ẹ máa fi imú gbóòórùn. Kí ni ti orí ńbẹ̀?"

Níbi tí ọ̀nà ti yà ni wọ́n ti rí ìlà tó gùn jù. Ìyá Aránṣọ gbàgbọ́ pé ẹsẹ̀ kì í parọ́: ibi tí àwọn èèyàn bá ti fara da oòrùn dúró, nǹkan gidi wà níbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pe obìnrin tó nibẹ̀. Ó ṣígbọ̀nwọ́ aṣọ rẹ̀ dé èjìká, ó ń yí ẹja nínú agbada epo bí ẹni tó ń yí ojú ìwé. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún, ó sì ń dín in nínú agbada kejì.

"Ẹ má tira yín!" Ìyá Ẹlẹ́ja ń pariwo. "Ẹja ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ! Bọ̀dá, ẹ yọ ìgbọ̀nwọ́ yín lọ́rùn ìyáàfin, ẹ̀yin méjèèjì ò tíì mọra!"

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sún. Nígbà tó kan àwọn tọkọtaya àlejò wa, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀.

"Àlejò lẹ jẹ́, mo mọ̀. Ẹ kú ìrìn o." Ó já ẹja díẹ̀, ó gbé e sórí bébà, ó nà án sí Ọ̀gá Ahọ́n. "Bàbá, ẹ tọ́ ọ wò ná. Bí ò bá wù yín, ẹ má rà."

Bí ó bá ní "ẹ gbà, ẹ jẹ" ni, bóyá ọjọ́ náà ì bá gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ "tọ́ ọ wò" fún atọ́wò, bí ẹ kì í ti í fi fèrè sẹ́nu kí ẹ tó bi ẹlẹ́ṣin bóyá ó ti múra eré. Ìyá Aránṣọ rí i bí èjìká ọkọ rẹ̀ ṣe dìde, tí ojú rẹ̀ ọ̀tún sì pa dé. Ó na ọwọ́ láti fà á lẹ́wù. Ó ti pẹ́ jù.

Ọ̀gá Ahọ́n ju ẹja sẹ́nu. Ó yí i. Ó fi imú mí kanlẹ̀, gbogbo ìlà sì dákẹ́ láti wo ohun tó ń ṣe. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí apẹ̀rẹ̀ pàǹtí tí àbúrò Ìyá Ẹlẹ́ja ń da èèpo ọ̀dùnkún sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ó sì tu ẹja náà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ike omi kúrò lábẹ́ apá, ó yọ ẹnu, ó tu ìyẹn náà.

"Wolé-wolé ni!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ńbẹ̀, bírò ńbẹ̀, ìjọba ló sì ń kó ọwọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ìlà tí kò fẹ́ yẹ̀ fún ọkọ̀ já bí òwú tó ti jẹrà. Obìnrin kan dá ẹja tirẹ̀ padà sórí tábìlì bí ẹni pé ó ta á. Alábàárù kan tó ti jẹ ẹja méjì tán di ikùn mú.

"Yéè! Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ pé nǹkan ń rìn nínú mi!"

"Ebi ló ń rìn nínú rẹ," Ìyá Ẹlẹ́ja ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Ọ̀gá Ahọ́n la ojú rẹ̀ kejì. Ó fi áńkáṣíìfù nu ètè.

"Ó péye," ó ní. Ariwo àwọn tó ń sá lọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ.

Àbúrò Ìyá Ẹlẹ́ja tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jù ú sórí àpótí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni mo tún ń bó ọ̀dùnkún fún? Mò ń lọ sílé." Ó sì lọ. Ìyá Ẹlẹ́ja kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn mú ìdérí ìkòkò, ó fi bo ẹja rẹ̀, ó wo àlejò méjèèjì bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Ojú ti Ìyá Aránṣọ gidigidi. Ó di ọkọ rẹ̀ mú ní apá ẹ̀wù, ó wọ́ ọ lọ.

Ohun tí kò tíì yé wọn ni pé ìròyìn yá ẹsẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ alágbàdo sísun.

"Àgbàdo ti tán," obìnrin náà ní. Àgbàdo ga lẹ́yìn rẹ̀ bí òkìtì ilẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Èyí? Àwọn ọmọ mi ló fi ń ṣeré."

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dín ẹyin sínú búrẹ́dì. Ó fi ara dí àdògán, ó ní adìyẹ òun kò tíì yé. Bàbá ẹlẹ́ran orí igi jókòó sórí ìdérí àwo ẹran rẹ̀ gan-an, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ooru sì ń mú un nídìí tó fi ń sún láti apá kan dé èkejì. Ìwé àṣẹ ni onítíì kọ́kọ́ nà sí wọn kó tó na tíì. Láti ibẹ̀ títí dé etí omi, ìdérí ń balẹ̀ níwájú wọn, gbàà, gbàà, gbàà, bí ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn òjò ń tì.

"Àwọn èèyàn ìlú yìí kò fẹ́ràn ọjà títà," Ọ̀gá Ahọ́n ní.

Ikùn Ìyá Aránṣọ dún. Kò tíì jẹ nǹkan kan láti òwúrọ̀. Lábẹ́ ògiri kan, baba arúgbó oníbàtà kan tó ń lẹ bàtà gbé orí sókè, ó fi òòlù kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Wolé-wolé. Ẹ̀yin náà ìyàwó Wolé-wolé, ẹ kú àmójútó."

Ibẹ̀ ló ti yé Ìyá Aránṣọ. Ó dúró gbagidi.

"Bàbá wọn, wolé-wolé ni wọ́n ń pè yín."

"Èmi? Kí ni mo wò?"

"Ẹ tu ẹja obìnrin yẹn dànù lójú gbogbo ayé!"

"Mo ní ó péye!"

"Ta lẹ sọ ọ́ fún? Apẹ̀rẹ̀ pàǹtí?"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ inú Ọ̀gá Ahọ́n ni èjìká rẹ̀ ń wálẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ní ibi iṣẹ́, kò tíì da bísíkíìtì ẹnikẹ́ni padà láìtọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹja náà tuntun ni," ó ní jẹ́jẹ́. "Àárọ̀ yìí ni wọ́n pa á. Epo rẹ̀ mọ́."

"Ẹ wá lọ sọ ọ́ níbi tí ó ti wúlò. Ẹni tó bá da ilé rú ló ń tún un tò."

Wọ́n bá Ìyá Ẹlẹ́ja níbi tó ti ń fi bébà lé eṣinṣin. Agbada ọ̀dùnkún ti tutù. Kí wọ́n tó sún mọ́ ọn ló ti dìde.

"Ṣé ìwé òté lẹ wá lẹ̀ mọ́ ìsọ̀ mi, kí n má tà mọ́? Ẹ lẹ̀ ẹ́. Ògiri nìyẹn."

Ìyá Aránṣọ kúnlẹ̀ lórí eékún kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe wolé-wolé. Ọkọ mi ni, ibi tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì ló ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́ ọ wò, kí ó sì máa tu ú. Ó ti mọ́ ọn lára. Ní ilé, ti èmi náà ló ń tu."

Ìyá Ẹlẹ́ja wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Ẹ dúró ná. Wọ́n ń sanwó fún un kí ó máa tu bísíkíìtì?"

"Wọ́n ń san án."

"Lóṣooṣù?"

"Lóṣooṣù ni."

"Ayé mà le o! Àwa tó ń gbé e mì, ta ló fún wa ní kọ́bọ̀?" Ẹ̀rín fẹ́ gbà á, ó gbé e mì. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ yín lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ kò ní ra ẹja. Bàbá Bísíkíìtì, ẹ wá jókòó síbí. Rárá, níwájú. Ibi tí gbogbo títì á ti máa rí ọ̀nà ọ̀fun yín."

Ó gbé odindi ẹja kan síwájú rẹ̀. Ọ̀gá Ahọ́n tún bírò rẹ̀ ṣe. Ó já ẹja. Lódìkejì títì, alágbàdo na ọrùn. Ẹlẹ́ran dìde kúrò lórí ìdérí, ara sì tù ú. Oníbàtà fi òòlù sílẹ̀, ó rọra gun òkè wá. Alábàárù ń yọjú láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ṣì di ikùn mú.

Ojú ọ̀tún Ọ̀gá Ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé.

"Ojú!" ìyàwó rẹ̀ ní, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó là á. Ẹja náà ń yí lẹ́nu rẹ̀, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì, kò mọ ibi tí yóò gbà jáde. Ọ̀gá Ahọ́n wo apẹ̀rẹ̀ pàǹtí. Ìyá Ẹlẹ́ja fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Gbogbo títì di èémí mú. Gògóńgò ọkùnrin náà lọ sókè, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe, ó sì wálẹ̀.

"Ó gbé e mì!" oníbàtà ké.

"Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe!" alábàárù ní. "Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ àṣìṣe!"

Ó tún un ṣe. Ó ń tún un ṣe, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, títí tí kò fi ku nǹkan kan lórí bébà àfi egungun àti orí. Nígbà náà ni Ọ̀gá Ahọ́n dìde dúró, ó gba èémí, ó sì fi ohùn tó fi ń borí ariwo ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ kígbe pé:

"Ó dùn!"

Ìlà tún padà tò, ó sì gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí àwọn tí kò fẹ́ràn ẹja pàápàá fẹ́ wo ohun tó mú wolé-wolé kígbe. Alábàárù ló ṣáájú wọn. Ó ní ikùn òun ti sàn.

Ìyá Aránṣọ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dún létí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ni. Ó ti gbọ́ ọ báyìí, lójú ọ̀sán gangan, ohùn náà sì ròkè. Ẹja ẹlẹ́ja ló gbà á.

Ọkọ rẹ̀ yí padà sí i, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyá wọn, o gbọ́? Mo ti sọ ọ́. Ṣíbí ti bọ́ nínú ewu."

"Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Fún wọn."

"Ṣé ó dùn lóòótọ́?"

Ọ̀gá Ahọ́n gbé ojú sókè, ó ń ronú. Ríronú yẹn ni kò yẹ kó ṣe.

"Ó péye," ó ní. "Iyọ̀ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ata ni mo rò pé—"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè dá a dúró.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹ wá sọ̀rọ̀ fún ojú títì, ẹ tún padà wá sọ ti iṣẹ́ fún mi. Èmi ni mo ń wẹ kọ́ọ̀pù, Bàbá wọn. Èmi ni mo ń da òkèlè ara mi nù láràárọ̀. N ò ṣe mọ́."

"Ẹ̀yin méjèèjì!" Ìyá Ẹlẹ́ja na ṣíbí agbada sí wọn láti òkèèrè. "Ẹ fi ìjà tọkọtaya síbì kan, ẹ ó bá a níbẹ̀! Nítorí yín ni àbúrò mi ṣe lọ sílé. Ta ni yóò dín ọ̀dùnkún fún àwọn ènìyàn yìí? Ṣé kí n hu ọwọ́ kẹta ni?"

Ìyá Aránṣọ mú épírọ́ọ̀nù, ó so ó mọ́ ìdí, ó jókòó ti agbada kejì. Inú ń bí i, ìbínú sì ń mú ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó gé ọ̀dùnkún bí ẹni gé aṣọ fún ìyàwó tuntun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí èyí tó fi bíńtín gùn ju èkejì lọ. Èèpo tó bó fẹ́lẹ́ débi pé oòrùn ń là á kọjá. Bí epo ṣe gbóná ló dà á sí i. Ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ́n iyọ̀ láti òkè, ó fi ata gígún díẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Bàbá Bísíkíìtì, ẹ má dúró bí òpó," Ìyá Ẹlẹ́ja ní. "Ẹ máa gbé e fún wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ahọ́n, tí wọ́n ń gbé nǹkan wá bá níbi iṣẹ́, di ẹni tó ń gbé nǹkan kiri. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Epo ta sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Bírò já bọ́, ẹnìkan tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń pè é láti ọ̀tún, wọ́n ń pè é láti òsì, "Wolé-wolé, tèmi dà?", "Wolé-wolé, ẹ fi ata kún un!", ó ń dáhùn, ó ń sáré, òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Oòrùn yẹ̀ kúrò lórí títì, ó lọ sí ẹ̀yìn àwọn ilé, síbẹ̀ ìlà kò tán. Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú ọkùnrin náà láti àárọ̀, ẹja yẹn gan-an, nítorí ojú ayé ló ṣe jẹ ẹ́, kì í ṣe nítorí ara rẹ̀.

Obìnrin kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ fura.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dùnkún mi pọ̀ nígbà tó wà lọ́hùn-ún. Ó ti dín kù kó tó débí."

"Atẹ́gùn ni," Ọ̀gá Ahọ́n ní. Ohùn rẹ̀ kò já geere.

Ìyá Aránṣọ gbé orí sókè láti inú èéfín. Ọkọ rẹ̀ ń padà bọ̀ pẹ̀lú bébà òfìfo lọ́wọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó dé ibi tí èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíràn wà, ó na ọwọ́ láìwò ó, ó ju mẹ́ta sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn nítorí wọ́n gbóná, ó gbé wọn mì, ó sì tún na ọwọ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Kò mí kanlẹ̀. Kò wá apẹ̀rẹ̀. Ike omi rẹ̀ ti ṣubú sábẹ́ tábìlì láti ìgbà tó ti pẹ́.

Ìyá Aránṣọ kò mira. Ó ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹyẹ tó bà lé fèrèsé.

"Bàbá wọn," ó ní pẹ̀lẹ́.

"Hùn-ún?"

"Iyọ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Iyọ̀ wo?"

"Iyọ̀ inú ọ̀dùnkún."

Ọ̀gá Ahọ́n dúró. Ó gbé ahọ́n kiri inú ẹnu bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí nǹkan kan. Ó wo inú bébà. Òfìfo ni. Ẹ̀rù bà á díẹ̀.

"N ò wò ó," ó ní. "Ìyá wọn, n ò wò ó rárá." Ó wá tẹ̀ síwájú, ó wo inú agbada láti orí èjìká rẹ̀. "Ṣé ó kù?"

Ìyá Aránṣọ ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan, òmíràn ló wọlé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń yẹ aṣọ wò kó tó gé e. "Ó dùn" ṣeé kígbe fún alábàárù. Ó ṣeé fi dá ìlà padà. "Ṣé ó kù" kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni bí kò bá ṣe ẹni tó dín in. Kò rí ibi tí yóò fi abẹ́rẹ́ tún ṣe lára rẹ̀.

"Ẹ bó òmíràn," ó ní. "Ẹ jókòó síbí. Ẹ má bó o nípọn, èmi ò fẹ́ ìfiṣòfò."

"Wolé-wolé!" Ìyá Ẹlẹ́ja pariwo. "Mo rí yín o! Ẹja lẹ kọ́kọ́ fi tì mí pa, ọ̀dùnkún lẹ tún fẹ́ fi jẹ mí run!"

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ahọ́n náà rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ sì kún.

Nígbà tí àbúrò Ìyá Ẹlẹ́ja gbọ́ ìròyìn tó sì sáré padà wá gba ipò rẹ̀, ó wo ọ̀dùnkún tí àlejò gé, ó fi ọ̀bẹ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn. Ìyá Ẹlẹ́ja ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfìfo. Ó ń wá bébà, bébà ti tán. Ìyá Aránṣọ fa síìpù àpò rẹ̀, ó mú kọ́ọ̀pù onírin tuntun náà jáde, ó ń dán yanran.

Ọkọ rẹ̀ wò ó. "Èyí…"

"Tuntun ni. Ẹnikẹ́ni ò tíì tu nǹkan sí i. Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ bu ọ̀dùnkún sí i fún wa. Ẹ jẹ́ kó kún."

Wọ́n gba títì náà sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, ìdérí ìkòkò sì ń ṣí níwájú wọn. Alágbàdo ní àwọn ọmọ òun ti ṣeré tán, kí wọ́n wá mú. Ẹlẹ́yin ní adìyẹ òun ti yé. Ọwọ́ Ọ̀gá Ahọ́n wà nínú kọ́ọ̀pù títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń fi ìka ha ìdí rẹ̀.

Ìdérí kọ́ọ̀pù náà ṣì wà lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ẹlòmíràn ì bá jù ú sómi. Ó fi í padà sínú àpò. Bọ́tìnnì máa gbà nínú rẹ̀ dáadáa.